Pọ́díkáàsì: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹni tó bá fẹ́ dá pọ́díkáàsì sílẹ̀ lóde òní, ọjà ló kọ́kọ́ máa ń sáré lọ. Ó ti rí àwọn gbajúmọ̀ lórí YouTube tí wọ́n jókòó ti máìkì dúdú gàgàrà kan, ó sì ti gbà pé máìkì yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Ìgbà tó bá rà á tán ni yóò tó rí i pé yàrá òun ń dá ohùn padà, pé wáyà máìkì náà kò wọ kọ̀ǹpútà òun, àti pé òun kò tíì mọ ibi tí ètò náà yóò máa gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni ká fi ṣáájú. Yàrá ni àkọ́kọ́, máìkì tẹ̀ lé e. Sọ́fítíwíà kò gbọdọ̀ ná yín ní kọ́bọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ilé tí fáìlì yín yóò máa gbé ló yẹ kí ẹ rò jinlẹ̀ jù lọ, torí pé máìkì tí kò dára ṣeé tà kí èèyàn fi owó kún un ra òmíràn, ṣùgbọ́n olùgbọ́ tó bá sọnù nítorí pé ẹ kó sílé tí kò yẹ kì í sábà padà.

Kí ni pọ́díkáàsì gan-an?

Ètò ohùn ni, tí à ń gbé jáde ní abala-abala lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí olùgbọ́ sì lè gbọ́ nígbà tó bá wù ú: nínú dáńfó, nídìí ìdáná, lẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí rédíò, níbi tí ẹni tó bá pẹ́ dé ti pàdánù ètò.

Ní ìparí ọdún 2000 ni Dave Winer, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ sọ́fítíwíà, fi àyè sílẹ̀ fún fáìlì ohùn nínú RSS, ìyẹn ìlànà tí àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń kéde ohun tuntun tí wọ́n bá gbé jáde. Ní oṣù Kejì ọdún 2004, oníròyìn Ben Hammersley lo orúkọ náà nínú ìwé ìròyìn The Guardian nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Apple fi pọ́díkáàsì sínú iTunes ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, ó di ohun tí tẹrú-tọmọ lè rí gbọ́.

RSS yẹn ni kí ẹ di mú. Ìwé kékeré kan ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ orúkọ ètò yín, àkọlé abala kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí fáìlì rẹ̀ wà. Apple Podcasts, Spotify àti àwọn áàpù mìíràn máa ń padà wá kà á láti mọ̀ bóyá abala tuntun ti dé. Ẹni tó bá ni RSS ló ni ètò. A ó padà sórí èyí.

Ẹ tún yàrá ṣe kí ẹ tó ra máìkì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ dúró láàárín yàrá tí ẹ fẹ́ lò, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ìró kan bá ṣẹ́ kù tó ń ta láti ògiri dé ògiri lẹ́yìn tí ọwọ́ yín ti dákẹ́, ìró náà ni olùgbọ́ yóò máa gbọ́ lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ilẹ̀ táìsì, ògiri sìmẹ́ǹtì àti fèrèsé gíláàsì ló ń fà á. Kò sí máìkì tó lè mú un kúrò; èyí tó wọ́n jù tilẹ̀ lè gbé e jáde kedere sí i.

Yàrá ìbùsùn sábà máa ń dára ju pálọ̀ lọ. Mátírẹ́ẹ̀sì, kọ́tìnnì tó nípọn àti kápẹ́ẹ̀tì ń gbé ohùn mì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ kún inú rẹ̀, kí ẹ kọjú sí i sọ̀rọ̀. Bí ògiri bá wà lẹ́yìn yín, ẹ ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sí i. Fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún lílẹ̀ mọ́ ògiri lè dín ìró inú yàrá kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dí ariwo ìta.

Ariwo ìta, àkókò la fi ń sá fún un. Ẹ fi ọjọ́ kan kíyè sí àdúgbò yín: ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun, ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe ìsọjí, ìgbà tí oníbúrẹ́dì ń kọjá. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Ìbàdàn àti Èkó, ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé ẹ̀kọ́ tí iná sì wà ló dára jù, torí pé jẹnẹrétọ̀ gbogbo ti dákẹ́. Ẹ pa fáànù. Ẹ pa fíríìjì pẹ̀lú bó bá wà nítòsí, kí ẹ sì ju kọ́kọ́rọ́ ilé sínú rẹ̀. Ẹ ò ní lè jáde nílé láìrántí tan án padà.

Máìkì wo ló bá yàrá yín mu?

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè gba abala àkọ́kọ́ sílẹ̀ bí yàrá bá pa rọ́rọ́ tí ẹ sì sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó kékeré kún un, máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há ọrùn aṣọ, irú Boya BY-M1 tó wọ́pọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà, tó láti bẹ̀rẹ̀. Wáyà rẹ̀ gùn tó mítà mẹ́fà. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń yàn láàárín fóònù àti kámẹ́rà. Bí fóònù ni ẹ ń lò, ẹ rí i pé ìhà fóònù ló wà kí àlejò yín tó la ẹnu. Bí fóònù yín kò bá ní ihò íápíìsì, ẹ óò ní láti ra ohun ìsopọ̀.

Fún máìkì orí tábìlì, oríṣi méjì lẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà: dynamic àti condenser. Condenser ní etí tó mú. Ó ń gba ohùn yín dáadáa, ó sì ń gba ajá aládùúgbò, ọkàdà tó ń kọjá àti ìró ògiri pẹ̀lú. Dynamic kò mú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá sún mọ́ ọn ló ń gbọ́ jù. Fún ilé tí kò ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ké nítòsí, dynamic ni kí ẹ rà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wáyà. Máìkì USB ń wọ kọ̀ǹpútà tààrà. Máìkì XLR ní wáyà oníhò mẹ́ta, ó sì nílò àpótí kan láàárín òun àti kọ̀ǹpútà, irú Focusrite Scarlett, tí yóò gbé agbára ohùn sókè. Samson Q2U àti Audio-Technica ATR2100x-USB ní méjèèjì lára, dynamic sì ni wọ́n. Ẹ lè fi USB bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì lo XLR rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ra àpótí, láìpa máìkì náà tì.

Ẹ wo Shure SM7B, èyí tí àwọn gbajúmọ̀ ń lò. Nǹkan bí 400 dọ́là ni l'Amẹ́ríkà. Ohùn tó ń gbé jáde kò lágbára rárá. Ó nílò àpótí tó lè gbé e sókè tó nǹkan bí 60 dB (dB ni òṣùwọ̀n agbára ohùn). Ẹni tó rà á láìní irú àpótí bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ohùn tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bó bá sì fipá gbé e sókè nínú kọ̀ǹpútà, ariwo ṣìṣì yóò bá a gòkè. Owó méjì ni máìkì yẹn ń ná ni, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Shure SM58, tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1966, wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù lọ. Bí iye tí wọ́n pè é bá kéré ju ohun tó bọ́gbọ́n mu lọ, ẹ má rà á.

Bí a ṣe ń jókòó ti máìkì

Bí ẹ ṣe jókòó níye lórí ju orúkọ tí wọ́n kọ sára máìkì lọ. Ẹ fi àyè tó tó ìbú ìkúùkù kan tàbí méjì sílẹ̀ láàárín ẹnu yín àti máìkì. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn, ohùn yín yóò kéré sí i, ṣùgbọ́n ìró yàrá yóò wà bó ṣe wà, yóò sì borí yín. Ẹ má sọ̀rọ̀ lu máìkì gan-an. Ẹ yí i díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kí èémí má baà máa bù lù ú.

Ọ̀pọ̀ máìkì ló jẹ́ pé iwájú ni wọ́n ti ń gbọ́ràn, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti ẹ̀yìn. Bí ariwo bá ń ti fèrèsé wọlé, ẹ̀yìn máìkì ni kí ẹ kọ sí fèrèsé náà. Ẹ sì mọ ibi tí iwájú wà: Blue Yeti, tó gbajúmọ̀ dáadáa, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe orí. Ẹni tó bá na orí rẹ̀ sí ẹnu ti ń sọ̀rọ̀ síbi tí etí rẹ̀ kò sí.

Ẹ máa fi íápíìsì sétí nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, kó sì jẹ́ oníwáyà, torí pé ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé inú ti Bluetooth. Òun ni yóò sọ fún yín pé fóònù kan wà lórí tábìlì tó ń dún tìtìtì wọnú wáyà. Ẹ fi gbogbo fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú, pàápàá èyí tí ẹ fi ń gba ohùn. Bí ìró hùn-ún kan bá ń bá ohùn yín jáde, ẹ yọ ṣájà láàpútọ́ọ̀pù, kí ẹ fi bátìrì ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara iná ló ti ń wá.

Sọ́fítíwíà: ọ̀fẹ́ ti tó

Audacity ló yẹ kí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ gbìyànjú. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, ó sì ti wà nígboro láti ọdún 2000, nítorí náà ìṣòro tí ẹ bá pàdé nínú rẹ̀, ẹlòmíràn ti sábà ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ Apple ní GarageBand lọ́fẹ̀ẹ́. Bí iṣẹ́ bá gbòòrò tán, Reaper ń fún ni ní 60 ọjọ́ láti dán an wò, àṣẹ rẹ̀ fún oníṣẹ́ kékeré sì jẹ́ 60 dọ́là.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Audacity nílò rẹ̀ láti mọ irú ariwo tó yẹ kó dín kù. Ẹ máa wo òṣùwọ̀n ohùn: ibi tó ga jù kó wà ní nǹkan bí -12 dB. Bó bá ti kan 0, ohùn ti fọ́, kò sì sí sọ́fítíwíà tó lè tún un ṣe dáadáa.

Iṣẹ́ tó kù lẹ́yìn ìgbohùnsílẹ̀ kò pọ̀. Ẹ gé ibi tí kò wúlò. Ẹ yọ ìró ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ 80 Hz, níbi tí púpọ̀ nínú kíkùn jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ ńlá ń fara pamọ́ sí. Ẹ wá gbé gbogbo ohùn sí ìwọ̀n kan náà, kí olùgbọ́ má baà máa fi ọwọ́ sún ohùn sókè sódò: -16 LUFS, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè sí létí, ni Apple dámọ̀ràn; ẹni tó ń lo mono, ìyẹn ohùn olójú ọ̀nà kan ṣoṣo, sì lè fi sí -19.

Ẹ má fi agbára yọ ariwo jù. Ohùn tí wọ́n fọ̀ láfọ̀jù máa ń dún bíi pé abẹ́ omi ló ti ń wá. Àwọn irinṣẹ́ tó ń gé ìdákẹ́jẹ́ dànù fúnra wọn tún léwu fún Yorùbá: wọ́n lè gbé “ń” kékeré inú “a ń bọ̀” mì, kí ó ku “a bọ̀” fún olùgbọ́. Ẹ fi etí yín tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá ṣe.

Bí àlejò yín bá wà ní London tàbí Houston, ẹ má gba ohùn rẹ̀ láti inú ìpè WhatsApp. Àwọn ojúlé ìgbohùnsílẹ̀ bíi Riverside àti Zencastr ń gba ohùn olúkúlùkù sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, nítorí náà íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já kò ní ba ohùn jẹ́. Bí kò bá sí èyí, kí àlejò fi áàpù ìgbohùnsílẹ̀ fóònù rẹ̀ gba ti ara rẹ̀, kí ẹ jọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀ láti lè so fáìlì méjèèjì pọ̀, kó sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fóìsì nóòtì.

Dátà olùgbọ́ wà lọ́wọ́ yín

Ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní WAV, torí pé kì í sọ ohunkóhun nù. Ṣùgbọ́n WAV mono ń jẹ bíi 5 MB ní ìṣẹ́jú kan; ìdajì wákàtí á sún mọ́ 160 MB. Èyí kọ́ lẹ óò gbé jáde. MP3 ni à ń gbé fún olùgbọ́. Ní 128 kbps (kbps ni ìwọ̀n dátà tí ohùn ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìdajì wákàtí jẹ́ nǹkan bí 29 MB. Ní 64 kbps mono, 14 MB ó lé díẹ̀ ni.

Fún ètò tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, 64 mono ti tó, ẹni tó ń fi íápíìsì gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì kò sì ní mọ ìyàtọ̀ púpọ̀. Bí orin àti ìlù bá pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ lo 128. Olùgbọ́ tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ yóò gbọ́ abala méjì yín níbi tí kò bá ti lè gbọ́ ju ẹyọ kan lọ.

Ilé tí ohùn yín yóò máa gbé

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. WhatsApp dára fún ìpolówó, Google Drive dára fún ìpamọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní RSS. Ojúlé ara yín náà lè má rù ú: bí 1,000 èèyàn bá wa abala 14 MB kan sórí fóònù wọn, 14 GB ti jáde nìyẹn, ọ̀pọ̀ àyè ojúlé olówó pọ́ọ́kú kò sì lè gbé e. Ìdí nìyí tí àwọn iléeṣẹ́ kan fi wà fún iṣẹ́ yìí nìkan. Libsyn ti ń ṣe é láti ọdún 2004. Buzzsprout, Podbean, Transistor àti RSS.com náà wà níbẹ̀. Spotify for Creators jẹ́ ọ̀fẹ́. Anchor ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí Spotify rà á lọ́dún 2019.

Kí ẹ tó yàn, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí:

- Bí mo bá kúrò lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ óò darí RSS mi sí ilé tuntun?
- Ṣé abala àtijọ́ yóò wà títí? Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń pa abala rẹ́ lẹ́yìn 90 ọjọ́.
- Ṣé ẹ óò ki ìpolówó bọ inú ètò mi láìgba àṣẹ?
- Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí owó oṣù kan kò bá wọlé?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kan ará Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Dọ́là ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà, káàdì náírà kì í sì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́ fún owó òkèèrè. Bí ọdún kan bá ṣeé san pọ̀, ẹ san án pọ̀, kí káàdì tó kọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan má baà mú gbogbo abala yín kúrò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló tóbi jù. Ẹni tó kó kúrò nílé àtijọ́ tó fi àdírẹ́sì tuntun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àlejò rẹ̀ yóò bá a. Ẹni tí kò fi sílẹ̀, ilẹ̀kùn títì ni wọn yóò máa kàn. Ìdarí RSS ni àdírẹ́sì ẹnu ọ̀nà yẹn. Áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ ètò náà kì í wà títí: Stitcher kógbá wọlé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Google Podcasts, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, tẹ̀ lé e lọ́dún 2024. Àwọn tí RSS wà níkàáwọ́ wọn kò pàdánù abala kankan, torí pé áàpù mìíràn ń ka ìwé kan náà nìṣó. Áàpù ń kú, ìwé náà ń wà.

Ẹ fi ímeèlì tí ẹ ṣí fún ètò náà forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ tó mọ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, ẹni tó ni ímeèlì ló ni ètò. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbé RSS náà lọ fún Apple Podcasts, Spotify àti YouTube, lórí àkáǹtì tiyín. Àwòrán ètò gbọ́dọ̀ ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, 3000 lọ́nà 3000 píksẹ́lì sì ni ìwọ̀n tó dára jù. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè èdè, ẹ yan Yorùbá, tí àmì rẹ̀ jẹ́ “yo”. Ẹ kọ orúkọ ètò pẹ̀lú àmì ohùn, ṣùgbọ́n nínú àlàyé rẹ̀ ẹ tún kọ ọ́ láìsí àmì, torí báyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń wá nǹkan lórí fóònù.

Orin ẹlòmíràn, ohùn ẹlòmíràn

Orin Olóyè Ebenezer Obey tàbí ti King Sunny Adé dùn mọ́ni létí, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò láìgba àṣẹ. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọnà ti Nàìjíríà ti ọdún 2022 kò sọ níbì kankan pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ pe onígángan àdúgbò, kí ó lu ohun tirẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì jọ fọwọ́ sí ìwé. Àlejò náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ ti ń gba ohùn òun, àti ibi tí ẹ óò gbé e sí, kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ibi tí ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ gba abala mẹ́ta sílẹ̀ pátá kí ẹ tó gbé ọ̀kan jáde. Abala mẹ́ta yóò fi hàn bóyá ọ̀rọ̀ yín tó í sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, kí ẹ má baà ṣèlérí fún olùgbọ́ ohun tí agbára yín kò ká. Ẹ fún ẹni kan tí kì í tanni jẹ ní abala àkọ́kọ́, kó fi fóònù olówó kékeré gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, kí ẹ sì bi í pé: ibo ni o ti gbàgbé ọ̀rọ̀ tó o bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn yàrá? Ibi tó bá tọ́ka sí ni kí owó yín tó kàn lọ.